Ẹja Tó Ń Sun Ẹ̀ẹ̀rùn Nínú Ẹyin: Ìbéèrè àti Ìdáhùn láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀gọ̀dọ̀ kan wà lẹ́yìn oko kajú, lójú ọ̀nà tí a ń gbà jáde láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ìhà Ìkòyí-Ilé. Tí ẹ bá dé ibẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, omi rẹ̀ á mù yín dé orúnkún, ọ̀pọ̀lọ́ á máa ké, légbélègbé á sì kún etí rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ padà lọ ní oṣù kìíní nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́: ọ̀kadà ló ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ilẹ̀ ibẹ̀ á sì ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Lọ́dọọdún tí mo bá kó wọn lọ síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: níbo ni gbogbo nǹkan abẹ̀mí yẹn lọ? Ìbéèrè yẹn ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn nípa ẹja kan tí kì í lọ síbì kankan tí omi bá gbẹ. Àwọn òbí gbọ́, àwọn àgbẹ̀ gbọ́, àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ náà gbọ́, ìbéèrè sì ń pọ̀ sí i. Èyí ni ohun tí mo máa ń dá wọn lóhùn.

Irú ẹja wo ni, kí sì ni wọ́n ń pè é?

Kílífíìṣì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń rò pé ẹja tó ń pa nǹkan ni, torí bí orúkọ náà ṣe dún létí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Họ́láńdì ni orúkọ náà ti wá. "Kil" ni wọ́n ń pe odò kékeré lédè wọn. Ẹja odò kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì bá a mu, torí ọ̀pọ̀ wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Irú wọn lé ní 1,000 káàkiri ayé, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń gbé inú omi tí kì í gbẹ, bíi ti ẹja yòókù. Kì í ṣe àwọn yẹn ni mò ń sọ. Àwọn ọlọ́dún kan ni mò ń sọ, àwọn tó jẹ́ pé inú ọ̀gọ̀dọ̀ tí òjò dá sílẹ̀ ni wọ́n ń gbé, tí ayé wọn sì ń parí pẹ̀lú omi náà. Ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, Nothobranchius ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Ní Sierra Leone, Liberia àti Guinea, Callopanchax ni. Ní Brazil, Uruguay àti Argentina, Austrolebias wà níbẹ̀.

Àgbàdo ni mo máa ń fi ṣàpèjúwe wọn. Òjò rọ̀, ó hù, ó dàgbà, ó yọmọ, ó gbẹ, irúgbìn nìkan ló ṣẹ́ kù. Àmọ́ àgbàdo yìí ní ojú, ó ní eegun ẹ̀yìn, ó ní ọkàn tó ń lù.

Ṣé ẹja yìí lè wà láàyè láìsí omi ni?

Rárá o. Tí omi bá ti gbẹ, gbogbo àgbà ló ń kú, ẹyọ kan kì í ṣẹ́ kù. Ẹyin ló ń ṣẹ́ kù.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ti dàgbà ni wọ́n ti ń ṣètò ìyẹn. Akọ á tọ abo lọ nísàlẹ̀ omi, á fi lẹbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dì í mú, àwọn méjèèjì á gbọ̀n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyin kan á sì bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹyọ kan péré. Wọ́n á kúrò níbẹ̀, wọ́n á tún un ṣe níbòmíràn. Abo tó bá jẹun yó lè yé ogún, ó lè yé ọgbọ̀n, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ kan. Ẹyin náà kò tóbi ju orí píìnì lọ, àmọ́ èèpo rẹ̀ yi.

Ibi tó wù mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí la dé yìí, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ẹyin adìyẹ, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni. Tí ìyá rẹ̀ bá sàba lé e tó sì fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, ọlẹ̀ inú rẹ̀ á kú, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ọlẹ̀ ẹja yìí mọ bí wọ́n ṣe ń dúró, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ti lè dúró.

Àkọ́kọ́ jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kó tó ní orí tàbí ìrù, nígbà tó ṣì jẹ́ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n káàkiri inú ẹyin ni. Nígbà òjò, tí omi bo ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀, atẹ́gùn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń dúró sí. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ilẹ̀ sán, àwọn ojú sísán yẹn ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Gbogbo wa la máa ń wo ilẹ̀ tó sán pé ó ti kú. Fún ẹyin yìí, fèrèsé ló ṣí yẹn.

Á wá máa dàgbà lọ títí dé ibi kejì. Níbẹ̀, ara rẹ̀ ti nà gbọọrọ, ọkàn rẹ̀ ti wà, ó sì ti ń lù. Á tún dúró. Ọkàn náà á dẹ̀ jẹ́jẹ́, bóyá kẹ́ẹ tilẹ̀ má lè rí i pé ó ń lù mọ́. Orun yìí ló gùn jù: oṣù púpọ̀ ni, ó sì lè gùn ju gbogbo ọjọ́ tí ẹja náà máa lò nínú omi lọ. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2020 fi hàn pé orun náà kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹja. Èyí tó sùn pẹ́ àti èyí tí kò sùn, bákan náà ni wọ́n ṣe ń dàgbà, bákan náà ni wọ́n ń bímọ, bákan náà ni ẹ̀mí wọn ń gùn mọ.

Ibi kẹta ni bèbè ìbí. Ẹja ti pé, ojú rẹ̀ ti dúdú róbótó, ó ti ká kò nínú èèpo. Omi nìkan ló ń retí. Tí omi bá dé, láàárín wákàtí díẹ̀, á já èèpo, á sì wẹ̀ lọ sókè láti gbé atẹ́gùn mì kó lè léfòó. Èyí tí kò bá rí atẹ́gùn yẹn gbé mì á máa fi ikùn wọ́lẹ̀ ni, kì í sábà pẹ́ láyé.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé gbogbo ẹyin náà á pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀?

Àgbàlagbà àgbẹ̀ kan ló bi mí léèrè èyí, kí n sì tó lanu ló ti dá ara rẹ̀ lóhùn, ó ní:

"Àkọ́rọ̀ lè dé ní oṣù kẹta, kí oòrùn tún gbà á padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí gbogbo àgbàdo tó ti hù jó gbẹ lórí ebè. Ẹni tó da gbogbo irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́rọ̀ ló máa lọ yá irúgbìn lọ́wọ́ aládùúgbò. Bàbá mi kì í gbìn tó ìdajì. Ó máa ń so ìyókù rókè àrò kí èéfín lè máa fẹ́ sí i."

Ohun tí ìyá ẹja yìí ń ṣe náà nìyẹn. Ẹyin tó yé lọ́jọ́ kan náà, sínú ẹrẹ̀ kan náà, kì í rin ìrìn kan náà. Òmíràn á fo orun kejì kọjá. Òmíràn á sùn ún títí òjò ọdún kan fi kọjá lórí rẹ̀. Tí òjò ẹ̀tàn bá rọ̀, àwọn kan á pa, wọ́n á sì kú nígbà tí omi bá gbẹ. Àwọn ará ilé wọn ṣì wà nísàlẹ̀. Ìdílé ẹja tí gbogbo ẹyin rẹ̀ máa ń pa lọ́jọ́ kan, ọdún burúkú kan ṣoṣo ti tó láti pa á run. Àwọn tí ẹyin wọn kì í dé pọ̀ ló bí àwọn tó wà lónìí.

Ìgbà wo wá ni wọ́n ń rí àyè dàgbà?

Ẹ̀yin náà ẹ wo èyí. Nothobranchius furzeri, èyí tí akọ rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù tó ń dán yinrin pẹ̀lú pupa, ni wọ́n ti mọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ kó o ní igbó Gonarezhou ní Zimbabwe, ọdún 1971 sì ni wọ́n fún un lórúkọ. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí tó lọ wo ọ̀gọ̀dọ̀ tó ń gbé ní Mozambique jábọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn tó bá pa, ó ti lè bímọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá! Èyí tó pa lọ́jọ́ tí oṣù lé, kí òṣùpá tó di àrànmọ́jú ó ti tó òbí.

Oúnjẹ ló fi ń ṣe é. Láti àárọ̀ títí alẹ́ ló ń jẹ àwọn kòkòrò tíńtìntín inú omi, ìdin àti tanwíjí.

Abo kò ní àwọ̀ tó jọ ojú, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹrẹ̀ tó ń gbé ni, ẹyẹ kì í sì í tètè rí i. Akọ tó ń dán yẹn ni ẹyẹ ń kọ́kọ́ gbé.

Sà, ṣé bí omi kò bá gbẹ, wọn ò ní kú ni?

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló bi mí ní ìyẹn, mo sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Wọ́n á kú. Kódà nínú àpótí gíláàsì tí omi rẹ̀ kì í gbẹ, tí oúnjẹ wà, tí ẹyẹ kò sí, ọ̀wọ́ kan lára Nothobranchius furzeri tí wọ́n ń sìn ní ilé ìwádìí kì í sábà kọjá oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Wọ́n ń darúgbó ní tòótọ́ ni. Àwọ̀ akọ á ṣá, ẹ̀yìn wọn á tẹ̀, wọ́n á rù, wọn ò ní lè kọ́ nǹkan tuntun bíi ti tẹ́lẹ̀, jẹjẹrẹ sì máa ń mú òmíràn. Gbogbo ohun tí ọdún 80 ń fi ojú ènìyàn rí ló ń kọjá lára wọn láàárín àkókò tí a fi ń gbin àgbàdo tí a sì fi ń ká a.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wádìí ọjọ́ ogbó fi gbé e lọ sí Amẹ́ríkà àti Jámánì. Eku funfun máa ń lo ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó darúgbó kú, olùwádìí á sì jókòó dè é. Ẹja yìí kì í dá wọn dúró. Lọ́dún 2015, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì, ọ̀kan ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, èkejì ní Jámánì, gbé àkọsílẹ̀ gbogbo jíìnì rẹ̀ jáde, ìyẹn àwọn ìtọ́ni inú ara tí òbí fi ń ta àtaré ìrísí àti ìwà fún ọmọ. Lọ́dún 2017, àwọn míì kó kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ọ̀dọ́ ẹja sínú ìfun ẹja tó ti ń dàgbà, ẹ̀mí àwọn àgbà yẹn sì gùn sí i. Ẹja Áfíríkà ni. Ó wù mí kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó wọ yunifásítì LAUTECH lọ́la jókòó ti irú iṣẹ́ yìí níbí, pẹ̀lú ẹja tí wọ́n bù nínú omi wa.

Ṣé ó wà ní Nàìjíríà?

Ó wà. Ọ̀kan tí ayé rẹ̀ ń parí lọ́dọọdún wà ní òkè Ọya, Pronothobranchius kiyawensis. Odò Kiyawa ní ilẹ̀ Hausa ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, lọ́dún 1928.

Níhà ọ̀dọ̀ tiwa ní gúúsù, Fundulopanchax ló wà. Àwọn yìí wà láàárín méjì: ẹyin wọn lè pa nínú omi, ó sì lè fara da gbígbẹ nínú ẹrẹ̀ tútù bí omi bá fà. Fundulopanchax filamentosus wà láti Togo gba Benin dé ilẹ̀ Yorùbá, nínú àbàtà. Fundulopanchax gardneri gbajúmọ̀ débi pé àwọn tó ń sin ẹja nílé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní "Akure", torí agbègbè Àkúrẹ́ ni wọ́n ti kó àwọn ìyá ńlá rẹ̀. Wọ́n tún ní "Makurdi" àti "Lafia". Àjèjì tí kò débí rí ń pe orúkọ Àkúrẹ́ nínú yàrá rẹ̀ nítorí ẹja tí ọ̀pọ̀ wa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kọjá.

Màmá mi ní ojú ọ̀run ni ẹja ọ̀gọ̀dọ̀ ti ń bọ́. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa?

Màmá yín kò parọ́, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Ilẹ̀ gbẹ, òjò rọ̀, ẹja wà níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tí ẹja fi ń dé bẹ́ẹ̀. Àrọ̀ lè mí atẹ́gùn òkè, ó sì lè wọ́ gba orí koríko tútù kọjá lóru òjò láti omi kan dé òmíràn. Ẹja kan tó ní ẹ̀dọ̀fóró bíi tiwa, Protopterus annectens, máa ń gbẹ́ ihò sínú ẹrẹ̀ kí omi tó gbẹ, á fi itọ́ ara rẹ̀ dá àpò yí ara ká, á sì sùn síbẹ̀ títí òjò á fi dé. Ẹ̀kẹta ni ti ẹyin tí mo ti sọ.

Àrọ̀ sá lọ, ẹlẹ́dọ̀fóró sápamọ́. Kílífíìṣì nìkan ló gbà láti kú, tó fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ tí kò ní fojú rí.

Ọ̀gọ̀dọ̀ tó dá dúró láàárín pápá ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀?

Omíyalé máa ń so ọ̀gọ̀dọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Àmọ́ ní Brazil, lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí gbé nǹkan míì jáde. Wọ́n po ẹyin kílífíìṣì mọ́ oúnjẹ ẹyẹ omi ńlá kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn, wọ́n sì yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Nǹkan bí ẹyin kan nínú ọgọ́rùn-ún ló gba inú ìfun kọjá láìkú, ẹja sì pa jáde nínú ọ̀kan. Ẹyẹ gbé ẹja fò, nínú ìgbẹ́!

Ṣé ó lè bá wa jẹ tanwíjí tán, kí ibà dín kù?

Ó ń jẹ tanwíjí dáadáa, àwọn kan sì ti dábàá pé kí wọ́n máa da ẹyin rẹ̀ sínú ọ̀gọ̀dọ̀ nítorí ìyẹn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà ń yé sínú ipasẹ̀ màlúù àti kòtò tí kò pẹ́ kó gbẹ, ẹja kò sì ní sí níbẹ̀. Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni kíkó ẹja àjèjì wọ omi ẹlòmíràn. Gambusia, ẹja Amẹ́ríkà tí wọ́n kó káàkiri ayé nítorí ẹ̀fọn, ti jẹ ẹja onílé run ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ da omi inú táyà àlòkù nù.

Ṣé a lè jẹ ẹ́?

Kò tó ìsebẹ̀.

Ṣé mo lè sìn ín nílé?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi Fundulopanchax gardneri bẹ̀rẹ̀, kò nira. Àpótí gíláàsì kékeré tàbí ike fífẹ̀ tó. Ẹ fi ìdérí bò ó, torí ó máa ń fò jáde. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ dúró lóru kí ẹ tó lò ó. Omi òjò tó mọ́ náà dára. Akọ kan, abo méjì: tí akọ bá pọ̀ wọ́n á máa jà. Ẹ so òwú dúdú sínú rẹ̀ bí ìrù, wọ́n á yé ẹyin sí i lára. Ẹ ṣa ẹyin náà sínú abọ́ ọ̀tọ̀, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó pa. Èyí tó bá funfun ti kú, ẹ yọ ọ́ kó má baà ran ìyókù.

Ti àwọn ọlọ́dún kan gba sùúrù. Inú ìyẹ̀pẹ̀ jíjẹrà tó rọ̀ tàbí èèpo àgbọn tí a gún kúnná ni wọ́n ń yé sí. Àwọn tó ń sìn wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù títí tó fi kù bí tábà tútù, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á kọ ọjọ́ sí i, wọ́n á sì gbé e pamọ́ fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á da omi tútù sí i. Nínú lẹ́tà ni wọ́n ń fi ẹja ránṣẹ́ sí ara wọn lókè òkun, láìsí omi rárá.

Ohun tí mo fi bẹ̀ yín: èyí tí ẹ bá rà, ẹ má ṣe dà á sí odò Ọ̀bà tàbí omi wa kankan tó bá sú yín.

Kí ló ń pa wọ́n run?

Kì í ṣe ọ̀dá. Ọ̀dá ni wọ́n bí wọn fún.

Iyẹ̀pẹ̀ tí a ń kún ọ̀gọ̀dọ̀ ni. Ilẹ̀ gbígbẹ kò ní ẹlẹ́jọ́: ẹni tó ń ta ilẹ̀ á mú oníbàárà wá ní oṣù kejì, wọn ò ní rí omi, wọ́n á san owó. Tírélà á dé, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ọ̀gọ̀dọ̀ kan wà nítòsí ilé ìwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tó lọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ bá wọn, mo ṣàlàyé, wọ́n ní omi wo ni mò ń wí. N kò ní ìdáhùn tó yá lẹ́nu nígbà náà. Lónìí, mo ní i: òkú ẹja kò sí nínú ilẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ tí wọ́n ń sùn ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀kejì ni oògùn apakoríko. Àgbẹ̀ tó bá fín oko tán á lọ fọ agolo ìfínkoríko rẹ̀ nínú ọ̀gọ̀dọ̀ torí omi ibẹ̀ ló sún mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé omi sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sóko, kẹ́ ẹ sì fọ̀ ọ́ sórí ilẹ̀ tí ẹ fín. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń gbẹ́ ẹrẹ̀ lọ mọ bíríkì. N kò ní kí wọ́n má ṣiṣẹ́ wọn. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n fi àárín rẹ̀ tó jìn sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni omi ti ń pẹ́ jù, ibẹ̀ sì ni ẹyin ti ń pọ̀ jù.

Báwo ni mo ṣe lè fi ojú ara mi rí i pé nǹkan wà nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ?

Ní oṣù kìíní tàbí ìkejì, ẹ lọ sí ọ̀gọ̀dọ̀ tó gbẹ, ẹ fi ọ̀bẹ yọ ẹrẹ̀ tó sán tó ẹ̀kúnwọ́ méjì láti àárín rẹ̀. Ẹ fọ́ ọ díẹ̀, ẹ má lọ̀ ọ́. Ẹ kó o sínú abọ́ funfun, ẹ da omi òjò tó mọ́ lé e lórí, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ń dé àmọ́ tí oòrùn kò ti ta sí i tààrà. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Àwa ṣe é ní kíláàsì lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ kìíní, omi dọ̀tí lásán. Ọjọ́ kejì, ó tòrò, kò sí nǹkan kan, àwọn ọmọ sì ti ń wo ojú mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọmọbìnrin kan tó tètè dé láti gbálẹ̀ sáré wá bá mi ní ọ́fíìsì. Kì í ṣe ẹja. Kòkòrò omi kéékèèké ni, wọ́n funfun bí eruku gààrí, wọ́n ń ta pọ́ún pọ́ún kiri inú abọ́ náà, wọn ò ṣeé kà. Oúnjẹ ọmọ ẹja nìyẹn. A gbé abọ́ náà sí ojú fèrèsé, a sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ títí ìparí sáà.